Bí Àgbàdo Ṣe Lẹ̀ Mọ́ Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ

Ìtàn yìí kò ní gùn. Ìlérí pàtàkì nìyẹn, a sì dìde dúró ká tó ṣe é. Ẹni tó bá ti gbé omi ka iná, kó má wulẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìtàn á ti parí kí omi tó hó. Bí omi bá hó tí ìtàn kò tíì parí, a jẹ́ pé iná ẹni náà ló le jù. Kó lọ fa igi kúrò nídìí rẹ̀.

Nígbà láéláé, ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ dà bí ẹsẹ̀ Adìyẹ. Ọmọ ìka rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọmọ ìyá tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀. Àgógó ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bó bá ń lọ lójú ọ̀nà, ńṣe ló ń yan bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Nígbà yẹn, gbogbo ẹranko ló jọ ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n ń pè ní Àjùmọ̀gbé. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọ́n á ṣe ìpàdé ìlú. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n á jọ jẹun alẹ́. Ìpàdé dára. Oúnjẹ náà dára. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń kọ àwọn ará ìlú lóminú: àwọn tó ń wá sí ìpàdé máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń ti ìdí oúnjẹ padà sílé lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Ìyẹn ni pé gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Ẹkùn ló máa ń jókòó síwájú, kò sì dára ká máa sọ̀rọ̀ àgbà lójú àgbà.

Ìlú yìí tún ní àṣà kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní ó yẹ ká ṣe nǹkan, òun gan-an ni wọ́n á ní kó ṣe é. Ẹni tó bá ní afárá ti jẹrà, òun ni yóò tún afárá ṣe. Ẹni tó bá ní kànga ti dọ̀tí, òun ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ fọ̀ ọ́. Nítorí àṣà yìí, ọlọ́gbọ́n pọ̀ ní Àjùmọ̀gbé, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀. Afárá ti wó. Kànga ti di ti ọ̀pọ̀lọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ débi gbogbo. Lásìkò tí à ń wí yìí, ó ń sàba lé ẹyin, ẹyin náà sì kù díẹ̀ kó pa. Ó jókòó sí ìpàdé, ó ń wo Ẹkùn, ó ń ro ti àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Bí yóò ṣe máa kó wọn wá sí ìpàdé láti kí àgbà ló ń rò. Bí Ẹkùn yóò ṣe máa dá wọn lóhùn, ìyẹn náà ló ń rò. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Ẹ̀yin ará," ni ó wí, "ṣé a ò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ kan, ẹyọ kan péré, tí kò ní ní ẹran nínú?"



Adìyẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jókòó tì í, di ojú. "Ó ti sọ ọ́," ló wí. "Orí mi o, ó ti sọ ọ́."

Àgbò ni alága ìpàdé. Ìwo rẹ̀ tóbi, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ohun tó sì mọ̀ nípa ìpàdé ni bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ó wú ikọ́ àgbà.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ," ni Àgbò wí. "Ó ti gbà láti sè é."

"Bàbá Àgbò, mo kàn béèrè ni."

"Ìbéèrè tó dáa ni. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la ó jẹ ìdáhùn rẹ̀."

Ni àwọn ará ìlú tí kì í sọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé iṣẹ́ náà ti ní ẹni tó ni ín.

"Kò burú," ni Ewúrẹ́ wí. "Kó má sí ẹran. Kó kàn fi pọ̀nmọ́ díẹ̀ sí i."

Màlúù yí orí padà wẹ́rẹ́. "Pọ̀nmọ́ ta ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Awọ ni mo pè é. Awọ kì í ṣe ẹran."

"Ó dáa. Bọ́ tìẹ kalẹ̀ ká wò ó."

Ewúrẹ́ jókòó. Ẹlòmíràn ní, tí kò bá sí pọ̀nmọ́, ṣé wọn ò lè fi edé díẹ̀ sí i, kí ọbẹ̀ lè ta sánsán? Láti inú igbá omi tí wọ́n fi gbé e wá sí ìpàdé, Edé gbé ìrù sókè. "Mo wà ńbí o! Ẹ máa wò mí lójú kẹ́ ẹ tó sọ ọ́!"

Ìgbín kò tíì sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó rọra yọ ìwo rẹ̀ jáde. "Mo rí i pé ẹ ti ń wojú mi," ló wí. "Ẹ wo ibòmíràn."

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò pé ohunkóhun tó bá lè dìde sọ tẹnu ara rẹ̀ nípàdé, ẹran ni. Òfin yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ya gbogbo wọn.

Ìgbà náà ni Ẹkùn sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Kò sídìí fún un láti pariwo.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Èmi náà ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mi ò kì í mu ẹ̀kọ. Mi ò kì í gbé òkèlè mì. Ohun tí mo bá máa jẹ, mo gbọ́dọ̀ fi eyín ya á. Bí mo bá jẹ oúnjẹ yìí tí mo yó, màá kó kúrò ní ìlú yìí, màá lọ máa gbé inú igbó. Tí mi ò bá wá yó..."

Ó wo Pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú ojú àánú, bí ènìyàn ṣe ń wo iṣu tó ń jinná bọ̀ nínú iná.

"Tí mi ò bá yó, ẹni tó sè é ni yóò fi ara rẹ̀ kún un. Òun pẹ̀lú ẹyin tó ń sàba lé."

Ó fi ahọ́n kan ilẹ̀, ó fi búra: òun kò ní fi ẹran kan ẹnu títí oúnjẹ náà yóò fi parí, bí òun bá sì yó, òun á lọ. A ní láti sọ òótọ́ nípa Ẹkùn. Ìwà rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ìbúra rẹ̀ dára.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Adìyẹ kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. "Ẹnu rẹ," ló wí. Wọ́n rìn díẹ̀. "Ẹnu rẹ yìí."

"Mo ti mọ̀," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Wò ó, kí ló ń ya bí ẹran, tí kì í ṣe ẹran?"

"Aṣọ."

"Ó gbọ́dọ̀ yó Ẹkùn o."

"Aṣọ tó pọ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ lọ̀rẹ́ ń jẹ́. Adìyẹ ní òun á bá a sàba lé ẹyin náà kó lè ráyè dáná. "Àmọ́ mo fẹ́ kó yé ọ," ló wí. "Tí wọ́n bá pa nígbà tí mo wà lórí wọn, tí wọ́n pè mí ní ìyá, màá dá wọn lóhùn."

Pẹ́pẹ́yẹ ní kò burú. Ó ní ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ó wí èyí tán, ó yára kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àgbàdo ló ní nílé. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ó sè é: kò ṣeé ya. Ó sun ún: ó ta, ó sì fọ́nká. Ó lọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ó gbé e ka àpáàdì tó gbóná. Bó ṣe ní kóun gbé e báyìí, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìdílé tí bàbá wọn kú láìpín ogún. Kò sí ohun tí yóò mú un lẹ̀ mọ́ra. Ó bu omi sí i, kò lẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, kò lẹ̀. Ó bú u. Àgbàdo kò dáhùn.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà fi máa pé, ìwọ̀nba àgbàdo tó kù fún un kò kọjá èyí tó máa fi dáná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbi kan. Ó wá ìkòkò títí, kò rí i. Ó rí ọ̀kan lẹ́yìn ilé Adìyẹ tí omi ti wà nínú rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pọn omi náà, ó da àgbàdo sínú rẹ̀, ó sì gbé e ka iná.

Ó ti hó dáadáa kí Adìyẹ tó na ọrùn jáde láti orí ẹyin.

"Ọ̀rẹ́ mi, ìkòkò tí mo gbé sẹ́yìn ilé ńkọ́?"

"Ó wà lórí iná."

"Kí ni? Omi eérú tí mo sẹ́ láti fi ṣe ọṣẹ dúdú?"

Pẹ́pẹ́yẹ wo inú ìkòkò. Omi inú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń yọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn.

"Ó fẹ́ fi ọṣẹ bọ́ Ẹkùn," ni Adìyẹ wí fún ẹyin tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yín ń ṣe?"

"Ó kéré tán, inú rẹ̀ á mọ́."

"Inú rẹ̀ tí á mọ́ yẹn, inú ẹ̀ náà ni ìwọ ń lọ o!"

Kò sí àgbàdo mìíràn. Oòrùn sì ti wà ní àtàrí. Pẹ́pẹ́yẹ da àgbàdo náà sínú agbọ̀n, ó sáré gbé e lọ sódò. Ó fọ̀ ọ́. Ó tún un fọ̀. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sunkún, kò sì mọ èyí tó jẹ́ omi odò nínú méjèèjì mọ́.

Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Èèpo àgbàdo ń bọ́. Ó ń bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọdé ṣe ń bọ́ aṣọ lójú òjò. Àgbàdo inú rẹ̀ wú, ó rọ̀, ó ń dán, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti òjò àkọ́rọ̀ lórí ògiri alámọ̀.

Ó gbé e dé orí ọlọ, ó lọ̀ ọ́. Ó gbá a jọ. Ó lẹ̀.

Ó ṣù ú róbótó. Kò là. Ó gbé e lé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, nítorí kò ní àtẹ́lẹwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó di pẹlẹbẹ, ó rí kìrìbìtì bí òṣùpá. Ó fi ẹnu gbé e sókè, ó ń retí kó fọ́. Kò fọ́. Ó ń mì lẹ́lẹ́ bí aṣọ ìnujú.

Ó gbé e ka àpáàdì gbígbóná, ó fi àgógó ẹnu yí i padà. Ní ìsàlẹ̀, iná ti fi àmì pupa rẹ́súrẹ́sú sí i lára. Lójijì, ó wú sókè bí ẹni tí wọ́n yìn lójú àwọn àna rẹ̀, ó sì tún rọra rọ̀ wálẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ fà á lápá kan.

Ó ya. Ó ya gẹ́lẹ́ bí ẹran ṣe ń ya.

"Kí ló ń rùn báyìí?" ni Adìyẹ bi í láti orí ẹyin.

"Ọṣẹ rẹ ni."

"Fún mi níbẹ̀."

Adìyẹ jẹ ẹ́. Ó di ojú, ó là á. "Ọ̀rẹ́ mi," ló wí, "mi ò tún ní fi omi eérú wẹ ẹnikẹ́ni mọ́."

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, gbogbo ìlú ti pé. Wọ́n jókòó yí Ẹkùn ká, wọ́n sì fi àyè ọ̀wọ̀ sílẹ̀ fún un. Àyè ọ̀wọ̀ náà tó oko iṣu kan. Pẹ́pẹ́yẹ dá iná sí àárín gbùngbùn. Ó ti se ẹ̀wà pupa títí ó fi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, pẹ̀lú epo, ata àti àlùbọ́sà. Ó ti ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tòun ti ẹ̀gúsí. Àgbò ní láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí alága.

"Kí ni dúdú yìí?" ni Àgbò bi í.

"Irú ni, Bàbá."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ igi ni."

"Òórùn rẹ̀ kò jọ ti ọmọ igi."

"Bí igi ṣe tọ́ ọ ni, Bàbá Àgbò."

Àgbò mi orí, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ tẹ ọ̀kan pẹlẹbẹ, ó yan án, ó bu ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sí i láàárín, ó ká a, ó sì gbé e síwájú Ẹkùn. Ó padà sẹ́yìn kíá. Ẹkùn gbóòórùn rẹ̀. Ó fi èékánná kàn án. Ó fi eyín ya á.

Ó jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́. Ìrù rẹ̀ nìkan ló ń mì.

"Kí lẹ pe èyí?" ló bi wọ́n.

"Kò tíì lórúkọ, Bàbá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Hùn." Ẹkùn ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Òmíràn."

Ó gbé òmíràn wá.

"Òmíràn."

Láti ìgbà náà lọ, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu Ẹkùn. Pẹ́pẹ́yẹ ń tẹ̀, ó ń yan, ó ń yí padà, ó ń ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó tẹ òmíràn. Nígbà tó yá, kò ráyè fọ̀ ọ́ mọ́. Àgbàdo lílọ̀ ń wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dì síbẹ̀, òmíràn sì ń gun orí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣóńṣó ẹnu nìkan ló fi ń yí i padà. Nígbà tó yá, ó ń ti gbogbo àgógó náà bọ iná, ó ń fi í tẹ ohun tó ń yan mọ́lẹ̀ kó lè tètè jinná. Àgógó náà gbóná, ó rọ̀, ó sì ń fẹ̀. Kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ò ju ojú Ẹkùn lọ, tí kò yíjú kúrò lára rẹ̀.

"Òmíràn."

Pẹ́pẹ́yẹ wo inú igbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó wo orí ọlọ, ó wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ti tán.

"Mo ní òmíràn," ni Ẹkùn wí. "Ó kù díẹ̀ kí n yó. Díẹ̀ báyìí ló kù. Ó máa ṣe mí láàánú tó bá kù díẹ̀."

Àánú Ẹkùn wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti ń da itọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ wo ilẹ̀, ìgbà náà ló rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àgbàdo tó wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀ tó yan pẹlẹbẹ kan. Ó fẹ́ fi ẹnu ha á kúrò, ṣùgbọ́n ẹnu tó máa ń ṣe ṣóńṣó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìpọnkọ, ṣíbí onígi tí wọ́n fi ń bu ẹ̀kọ. Ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ sí i. Ó bojú wẹ̀yìn, síbi tí ilé Adìyẹ wà, tí ẹyin rẹ̀ wà. Ó mí kanlẹ̀. Ó gun orí àpáàdì gbígbóná náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ó gbé ọ̀tún, ó sọ òsì. Ó gbé òsì, ó sọ ọ̀tún. Ó na ìyẹ́, ó pariwo.

"Ẹ wò ó!" ni Àgbò wí. "Ó tún ń jó fún wa!"

Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan tilẹ̀ ní kó jó díẹ̀ sí i lápá òsì.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, àgbàdo náà ti jinná. Ó pọ́n, ó ta sánsán. Ó fà á, kò wá. Ó gbọn ẹsẹ̀, kò bọ́. Ó rìn lọ bá Ẹkùn, ó ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún, nítorí ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Ó ti délẹ̀, Bàbá," ló wí. "Àmọ́ kò fẹ́ fi mí sílẹ̀."

Ẹkùn wo ẹsẹ̀ náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu.

Ìgbín ti wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ láti gbàdúrà. Láti ibẹ̀ ló ti ké: "Bàbá, ẹran ni o! Àgbàdo ló wà lóde, ẹran ló wà nínú!"

"Àgbàdo nìkan ni màá bó," ni Ẹkùn wí, ẹnu rẹ̀ sì ń là sí i.

Ó là á títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi hàn. Pẹ́pẹ́yẹ di ojú. Gbogbo ìlú di ojú. Nǹkan kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ìsàlẹ̀ ikùn Ẹkùn. Ó dún bíi pé wọ́n ń wọ́ àpótí nínú yàrá. Ó gòkè, ó kọjá àyà, ó dé ọ̀fun, ó sì bọ́ síta.

Ẹkùn gùfẹ̀.

Ewé já bọ́ láti orí igi. Omi inú igbá Edé ru. Irùngbọ̀n Àgbò fò lọ sẹ́yìn, ó dúró síbẹ̀, ó sì tún padà wálẹ̀.



"Ikọ́ ni," ni Ẹkùn wí.

"Bàbá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, kó tó mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀, "ikọ́ kì í rùn bí irú."

Adìyẹ kò sí níbẹ̀ ni, ì bá ti di ojú. Ẹkùn fẹ́ fèsì, ó tún gùfẹ̀. Eléyìí tún jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àgbò dìde, ó tún ìwo rẹ̀ ṣe.

"Ìlú ti gbọ́," ló wí. "Ẹnu lè purọ́. Ikùn ti jẹ́rìí."

Ẹkùn wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ orí ba. "Mo yó," ló wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, ó sì pè é bí ẹni tó ń sọ èdè àjèjì.

Ó dìde, ó rọra máa rìn, nítorí ìyára kò sí lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí.

"Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́," ló wí. "Kí Ẹkùn jẹ àgbàdo kó yó! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọlé? Màá sọ fún un pé Àgbò ni mo jẹ."

Ó wọ igbó lọ. Pẹ́pẹ́yẹ lọ sọ fún Àgbò.

Inú bí Àgbò gan-an. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn. "Ṣé ó sọ bí mo ṣe rí lẹ́nu?"

"Ó ní ẹ dùn, Bàbá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. Ẹkùn kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ tí à ń ba ọkàn ẹnikẹ́ni jẹ́.

"Hùn," ni Àgbò wí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò burú."

Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó kù. Wọ́n jẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín, Ewúrẹ́ bẹ Màlúù, Màlúù sì gbà. Wọ́n gbé Edé lọ síwájú, pẹ̀lú igbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, gbogbo ẹni tó wá ló lọ sílé. Ẹ̀rù tilẹ̀ ba àwọn kan, nítorí wọn kò rírú rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹyin pa. Àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Adìyẹ sì yọ ọrùn wò wọ́n.

"Ọ̀rẹ́ mi, wá o!" ló ké. "Àwọn ọmọ rẹ wọ bàtà wá!"

Òótọ́ ni. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ti dì pọ̀ bíi ti ìyá wọn, ẹnu wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé inú ẹyin, kò yé ẹnikẹ́ni, a ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹyin lẹ́jọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ kó wọn lọ sódò láti bó àgbàdo ẹsẹ̀ wọn kúrò. Wọ́n rẹ ẹsẹ̀ sómi. Kò bó. Wọ́n wọ inú omi lọ sí i kó lè rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbọn ẹsẹ̀ báyìí, omi gbé wọn. Wọ́n tún gbọn ọ́n, wọ́n lọ síwájú. Kò pẹ́, ìyá àti ọmọ ń sáré kiri lórí omi, ariwo ẹ̀rín wọn ń dún dé ọjà. Adìyẹ dúró létí odò, ó wo ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó wo omi, ó ní òun fẹ́ lọ wo ilé.

Láti ọjọ́ náà ni awọ ti wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìpọnkọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún bó bá ń rìn, bíi pé ilẹ̀ ń jó o. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ti í jìnnà sódò. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa: àwọ̀ àgbàdo ṣì wà lára rẹ̀.

Ìtàn parí. Ẹ̀bẹ̀ kan péré ló kù, ẹ jọ̀ọ́. Kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde láàárín wa. Pàápàá jù lọ, bí ẹ bá pàdé ìyàwó Ẹkùn lọ́nà oko, ẹ kí i dáadáa, ẹ má dúró pẹ́, bó bá sì bi yín léèrè, Àgbò ni ọkọ rẹ̀ jẹ. Bí Àgbò bá ń kọjá lọ lásìkò náà, ẹ bá wa sọ fún un kó yára wọ inú ewé, nítorí ó ti kú.